Bẹ́ǹṣì Àwọn Tó Rù

Nígbà tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n ńlá kan wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà Ìkòtún lọ́dún 1991, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹran ni wọ́n fẹ́ máa tà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n fẹ́ máa wọ̀n, àwọn àgbà kan mirí. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí òṣùwọ̀n bí àpò kòkó?

Dókítà Akínbọ́lá ló kó òṣùwọ̀n náà wá láti yunifásítì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ṣàlàyé fún wọn.

"Gbogbo wa la ti rí irin tó dógùn-ún rí," ó ní. "Ara èèyàn náà ń dógùn-ún láti inú, a ò kàn fi ojú rí i ni. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣọ́ ara, tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Inú ewébẹ̀, èso àti ata la ti ń rí wọn. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú ẹni tó rù, ẹni tó sanra àti ẹni tó wà láàárín, ara ta ni ẹ̀ṣọ́ yìí ti pọ̀ jù?"

"Ẹni tó bá gba ipò kìíní, kí lẹ máa fún un, Dókítà?" ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Kì í ṣe ìdíje o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ pé ìdíje ni.

Dókítà sọ òfin rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á máa wá wọn ara wọn ní gbogbo Sátidé. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ohun tí oníkálukú ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kó máa jẹ. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, wọ́n á yọ ọ́.

Òfin yìí ò ṣòro. Bẹ́ǹṣì ló dá wàhálà sílẹ̀. Kí iṣẹ́ lè yá, Dókítà tò bẹ́ǹṣì mẹ́ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì lẹ páálí mọ́ ògiri lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan: ÀWỌN TÓ RÙ, ÀWỌN TÓ WÀ LÁÀÁRÍN, ÀWỌN TÓ SANRA. Ó dà bíi pé ó ti pẹ́ jù láàárín ìwé. Ó ti gbàgbé pé ní àdúgbò wa, bí a bá pàdé ẹni tí nǹkan ń ṣẹnuure fún, ohun tí a ó kọ́kọ́ sọ ni pé ó mà sanra o. Kí wákàtí kan tó kọjá, bẹ́ǹṣì àwọn tó sanra ti di ìjókòó àwọn olóyè. Àwọn tó wà níbẹ̀ ya ẹsẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Káfíńtà kan tí ọrùn rẹ̀ dà bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé àpótí irinṣẹ́ òun gun òṣùwọ̀n, nítorí pé bí òun ṣe ń rìn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Múdàṣírù jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì àwọn tó sanra. Ilé búrẹ́dì kan ní Ẹgbẹ́dá ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti po fúláwà tán, kò sí bó ṣe máa fọ ọwọ́ tí díẹ̀ kò ní kù síbi èékánná rẹ̀. Adéolú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sí bẹ́ǹṣì àwọn tó rù. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé nílé Àlàájà Mọ̀dínátù ní Ìgàndó, ògiri kan ló là wọ́n láàárín.

Adéolú kò fi bẹ́ẹ̀ rù tẹ́lẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni ìyá rẹ̀, Esther, kú nínú ọyẹ́. Láti ìgbà náà, tó bá ti dé láti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìyànà Ìpájà, búrẹ́dì àti mínírà ló ń fi sùn. Sítóòfù ìyá rẹ̀ ṣì wà níbi tí ìyá náà gbé e sí. Adéolú a máa nù ún láràárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n kì í tàn án.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kẹ́mi ló ń ka òṣùwọ̀n, òun náà ló sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n rán an fún. Ó di apá Adéolú mú, ó ń wá iṣan.

"Ẹ máa wo ìta," ó ní. "Ẹ má wo abẹ́rẹ́."

Adéolú ò wo ìta, kò sì wo abẹ́rẹ́. Ojú Kẹ́mi ló ń wò. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ìgò tán kó tó rántí pé ó yẹ kó dun òun.

"Iṣan yín ò fi ara pamọ́," Kẹ́mi wí. "Tàwọn ará bẹ́ǹṣì ọ̀hún, ńṣe là ń wá a bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga."

"Ẹ ṣeun," Adéolú dáhùn. Kò sí ẹni tó yin iṣan rẹ̀ rí.

"Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n yìí yí o, Brọ̀dá. Tó bá yí, a ò ní rí yín mọ́ nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn ni Adéolú gbé délé. A ò ní rí yín mọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, ohun kan náà ló ń sọ fún un: níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì rù, òun á máa rí Kẹ́mi. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lọ, kò tíì fẹ́ ohun kan tó báyìí rí. Ó kàn fẹ́ kí Sátidé máa dé, kó sì máa bá òun ní títẹ́ẹ́rẹ́, títí òun á fi rí ẹnu bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀.

Sátidé kejì ni Àlàájà ń bọ̀ láti ọjà Ìkòtún tó rí àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó yà wò wọ́n. Lárúbáwá ni Àlàájà ń kà, kò ka ABD.

"Múdà, kí ni wọ́n kọ sókè orí ọmọ yìí?"

"'Àwọn tó rù' ni, Màmá." Múdàṣírù fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀. "Tiwa ni 'Àwọn tó sanra'."

Àlàájà sún mọ́ ògiri. Ó wo páálí náà, ó wo Adéolú, ó wá wo àwọn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú títì, àwọn tí wọ́n mọ̀wé kà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Adéolú.

"Adéolú, ta ni ìyá ẹ fi ẹ́ lé lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Wọ́n wá kọ ọ́ sára ògiri, gbogbo Ìkòtún ń kà á, pé èmi Mọ̀dínátù ń febi pa ọmọ Esther."

"Màmá, ìwádìí àwọn dókítà ni. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò."

"Ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò jẹun, wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."

Ọ̀rẹ́ gidi ni Àlàájà àti Esther. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ààrò kan náà ni wọ́n jọ ń lò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí àìsàn dá Esther dùbúlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn di ọwọ́ Àlàájà mú, ó ní, "Ẹ bá mi máa wo inú àwo rẹ̀." Àlàájà rò pé ọmọ náà ń jẹun ní Ìyànà Ìpájà ni, kò sì fẹ́ dà á láàmú nínú ọ̀fọ̀. Àfi bí páálí ṣe wá tú àṣírí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń wọlé. Ẹ̀bà dé, ó ga bí òkìtì ọ̀gán. Iyán dé pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìrẹsì dé, ẹ̀wà sì tẹ̀ lé e. Ta ni Adéolú tí yóò kọ oúnjẹ àgbà? Àlàájà á gbé àwo kalẹ̀, á ní, "Jẹ ẹ́ tán o," á sì lọ kírun ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni Adéolú fi rí ọgbọ́n dá. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni Múdàṣírù máa ń jókòó sí gba atẹ́gùn.

"Múdà, gba eléyìí. Tí mo bá jẹ ẹ́, wọ́n á yọ mí."

"Èmi náà ò gbọdọ̀ fi kún tèmi o," Múdàṣírù wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ àwo.

"Tí tìẹ bá pọ̀ sí i, níbo ni wọ́n máa gbé ẹ lọ? Kò sí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tiyín."

Múdàṣírù ronú sí i. "Òótọ́ ni," ó ní. "Bẹ́ǹṣì wa ò ní òrùlé."

Bí oúnjẹ Àlàájà ṣe ń gba fèrèsé jáde nìyẹn, tí àwo sì ń gba fèrèsé padà wọlé ní mímọ́. Àlàájà á gbé àwo, á yí i wò láti òkè dé ìdí, á nu ìdí rẹ̀ mọ́ etí ìró, á sì gbé e lọ. Lójú òṣùwọ̀n, Adéolú ò yẹ̀ rárá. Múdàṣírù ń gòkè. Dókítà ń wò ó, ó ń fi kálámù họ orí.

Nígbà tó yá, Àlàájà pe Adéolú.

"O ń jẹun, o ò sanra. Aràn ló ń bá ẹ jẹ ẹ́."

"Kò sí aràn nínú mi, mà."

"Ṣé aràn máa ń kọ́kọ́ sọ fún onínú ni?"

Ó gbé àgbo kan fún un nínú ife ńlá, ó dúdú, ó sì ki. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún dé ìdí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ṣáláńgá ló lè ròyìn rẹ̀. Nígbà tí Sátidé máa fi dé, ńṣe ni Adéolú di ògiri mú kó tó gun òṣùwọ̀n.

Kẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo òṣùwọ̀n, ó tún un wò. "Brọ̀dá, ẹ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá tún lọ sílẹ̀ jù báyìí, Dókítà á ní ara yín ò yá, wọ́n á yọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́ tó sọ yẹn wọ Adéolú lára. Ó pinnu pé lálẹ́ yẹn, òun á jẹ òkèlè díẹ̀ tó máa gbé ìwọ̀n òun padà síbi tó wà, kí Múdàṣírù tó gba ìyókù.

Nígbà tí Àlàájà gbé àwo kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, Adéolú ṣí i. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọn ò sè é dúdú. Wọ́n fi irú odidi sí i, ẹja gbígbẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n sì já ewúro díẹ̀ sí i, èyí tó ń mú kí ọbẹ̀ kọ́kọ́ korò lẹ́nu kó tó wá dùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ báyẹn.

Ó jẹ òkèlè kan, ó dúró. Ó jẹ òmíràn.

Múdàṣírù kan fèrèsé. "Olú."

Adéolú bu òkèlè mìíràn.

"Olú, ṣé ó ti tutù ni? Mi ò kọ títutù o."

"Kò sí nǹkan kan lónìí, Múdà."

"Mò ń gbóòórùn ẹ̀."

"Òórùn yẹn náà ló kù."

Ó jẹ ẹ́ mọ́, ó fi ìka nu ìdí àwo. Ó mú àkísà, ó sì nu sítóòfù ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà.

Láti ọjọ́ náà, Àlàájà ò pààrọ̀ ọbẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọ́ yẹn ni lónìí, ẹ̀fọ́ yẹn ni lọ́la, ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ a sì máa tẹ̀ lé e. Lójoojúmọ́ ni Adéolú ń búra pé òun á fi ìlàjì ránṣẹ́ sí fèrèsé, lójoojúmọ́ ni ìlàjì náà ń sọnù sí i lọ́fun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà wálé, èjìká tẹ̀ lé e. Àwọn ará ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú orí ire.

Orí ire kọ́ lójú tirẹ̀. Ó fá orí kodoro, torí pé irun náà ní ìwọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìyànà Ìpájà, bó bá sì ti délé báyìí, ebi ìrìn náà á jẹ́ kó bẹ Àlàájà fún ẹ̀bà kún ẹ̀bà. Ní Sátidé, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ aago, ó bọ́ bẹ́líìtì, ó gun òṣùwọ̀n, ó sì sé èémí rẹ̀.

"Ẹ máa mí, Brọ̀dá," Kẹ́mi wí. "Afẹ́fẹ́ ò wúwo."

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni ìwọ̀n rẹ̀ ré ààlà kọjá. Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá wò ó. "Adéolú, ìwọ̀n yín ti kúrò ní tàwọn tó rù."

"Ṣé mi ò lè bọ́ sí bẹ́ǹṣì àárín, sà?"

"Àwọn ti bẹ́ǹṣì yẹn ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀. A ṣì máa gba ẹ̀jẹ̀ yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ò sí nínú ìwádìí wa mọ́."

Kẹ́mi gba ẹ̀jẹ̀ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí iṣan.

"Mo kìlọ̀ fún yín," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Adéolú fẹ́ sọ pé òun gbọ́, pé ẹ̀fọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́fun, níbi tí oúnjẹ kì í há sí. Ibẹ̀ ló wà tí ohùn Àlàájà fi dé láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé kúlà oúnjẹ dání, ó ti múra ìjà.

"Ṣé ẹ ti yọ ọ́, àbí ẹ ò tíì yọ ọ́?"

"A ti yọ ọ́, Màmá," Dókítà dáhùn.

"Alihamudulilai. Ẹ bá mi já páálí yẹn sọ̀kalẹ̀."

"Àwọn tó kù ló wà fún, mà."

Àlàájà fi ojú wá ẹni tó ń wọn ọmọ ọlọ́mọ kiri. Ojú rẹ̀ bà lé Kẹ́mi, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbínú náà rọra kúrò lójú rẹ̀, nǹkan míì gba ipò.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń wọn ìwọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n mí, mà. Èmi ni mò ń wọ̀n wọ́n."

"Gun orí ẹ̀."

Kẹ́mi wo Dókítà. Dókítà wo kálámù rẹ̀. Kẹ́mi gun òṣùwọ̀n. Múdàṣírù dìde láti bẹ́ǹṣì àwọn olóyè, ó tẹ̀ ba, ó sì ka ọwọ́ òṣùwọ̀n.

"Bẹ́ǹṣì àwọn tó rù ni," ó kéde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Káfíńtà ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ sún ìdí, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.

"Ìyá ẹ ńkọ́?" Àlàájà bi í.

"Wọ́n wà ní Ọ̀wọ̀, mà. Èmi nìkan ni mò ń gbé ní Ẹgbẹ́dá."

"Kí lo jẹ lánàá?"

Kẹ́mi ronú. "Búrẹ́dì, mà. Pẹ̀lú mínírà."

Adéolú gbójú sókè.

"Lọ́la, tí o bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, máa bọ̀ ní Ìgàndó," Àlàájà wí.

"Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ mo..."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè. Adéolú á wá mú ẹ."

Láti ìgbà tí Adéolú ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ọmọbìnrin yìí sọ, kò rí i. Ní báyìí, ó dúró pẹ̀lú òwú lápá, orí rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ jáde láìwá a.

"Aago mélòó lẹ máa ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Kẹ́mi wá lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó tún wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, òun ló mú iṣẹ́ tí Dókítà rán an wá sí yàrá Adéolú. Múdàṣírù náà dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń retí ipò kìíní.

"Dókítà ní ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ Brọ̀dá Múdà kéré gan-an," Kẹ́mi wí. "Wọ́n ní sísanra nìkan kọ́ ni ìlera. Kí ẹ dín búrẹ́dì àti òkèlè kù, kí ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso."

"Kéré bíi ti ta ni?" Múdàṣírù béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ Adéolú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ò dáa, rírù tó rù ò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tọjọ́ tó kẹ́yìn, Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáa débi pé wọ́n ní kí n béèrè ohun tó ń jẹ. Ó dùn wọ́n pé wọ́n ti yọ ọ́."

Àlàájà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń já ewé tẹ̀tẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ẹ̀fọ́ ìyá ẹ̀ ló ń jẹ," ó ní. "Tèmi ni Múdà ń jẹ."

Níta, nǹkan kan ṣubú lọ́wọ́ Múdàṣírù.

"Màmá, ẹ ti mọ̀?" Adéolú béèrè.

"Fúláwà wà nídìí àwo mi lálaalẹ́. Ṣé ìwọ ló ń ṣe búrẹ́dì ni?"

"Àgbo wá ńkọ́, mà? Ẹ ní aràn ni."

"Aràn wo? Ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ nìyẹn." Ó gbọn ewé sínú agbada. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo rò ó pé o lè fi ọbẹ̀ tèmi tọrẹ. Mo wá ní, tí mo bá sè é bí Esther ṣe ń sè é ńkọ́? Ìyẹn, o ò ní lè nà án sí ẹnikẹ́ni."

Adéolú tẹ orí ba. Kẹ́mi dìde. Ó kàn mú àkísà tó wà lórí sítóòfù, ó ká a dáadáa, ó dá a padà síbi tó wà.

Àlàájà bu oúnjẹ. Ó na àwo ẹ̀fọ́ kan sí fèrèsé, láìsí ẹ̀bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan sì gbà á pẹ̀lú ọ̀fọ̀. Ó gbé ti Adéolú fún un. Ó wá gbé ti Kẹ́mi kalẹ̀. Kẹ́mi wo bí ó ti ga tó, ó fara sún mọ́ Adéolú.

"Ṣé fèrèsé yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo gbọ́," Àlàájà wí. Ó dìde, ó ti fèrèsé pa, ó padà jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹun."